Rìsíìtì

Sífáwù, mo sanwó ilé-ìwé lónìí.
Kì í ṣe tìrẹ.
Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́,
torí afẹ́fẹ́ ọ̀sà kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́:
ohun tí a bá sọ ní Ẹpẹ láàárọ̀,
wọn á ti fi jẹ ẹ̀kọ ní Ejìnrìn kí oòrùn tó kan àtàrí.

Àwáwù ni, ọmọ Ṣèkónì aláwọ̀n,
tí ìyá rẹ̀ kú lọ́dún omíyalé.
Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń gbé bàtà lé itan nínú ọkọ̀
kí omi má baà bà á jẹ́,
tó ń fẹsẹ̀ lásán gun èbúté,
tó wá ń wọ bàtà lẹ́nu géètì girama
bí ẹni tó ń jáde ní mọ́ṣáláṣí.

Wọ́n lé e wálé lẹ́ẹ̀mejì ní táàmù kan.
Lẹ́ẹ̀kejì, kò délé.
Ìdí iṣẹ́ mi ló jókòó sí, lórí pákó ọ̀pẹ̀pẹ̀,
ó ń fi èédú ṣe ìṣirò sára ọkọ̀ oníbàárà.
Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn.
Mo wo ìṣirò náà. N kò mọ ohun tó jẹ́,
ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ tó gún tí mo bá rí i.

Owó ọkọ̀ kan, Sífáwù.
Ọkọ̀ kan péré ni ìwé ọdún kan.
Mélòó ni mo kàn lọ́dún tí wọ́n lẹ orúkọ rẹ mọ́ ògiri
pé o yege, kí o máa bọ̀ ní girama?
Mẹ́fà. Mo ṣì lè dárúkọ àwọn tó rà wọ́n.
Mo ní kò sówó.
Owó wà. Ohun tí kò sí ni
wò ó, n kò ní parí gbólóhùn yẹn.

O kò sunkún. Ìdí ààrò ẹja lo gbà lọ.
Nígbà tó yá, wọ́n fà ọ́ fọ́kọ.
Mo jó. Mo jó dáadáa.
Lọ́jọ́ tí ara ọmọ rẹ gbóná, o gbé ìgò oògùn dání,
o ka ohun tí wọ́n kọ sí i dé ìdajì,
o dúró.
O wò mí. Mo wo omi.

Akọ̀wé owó ní, “Orúkọ ta ni kí n kọ pé ó san án?”
Mo lanu. Múfútáù kò jáde.
Ta ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́?
Ní èbúté, lórí omi, nínú ìwé àjọ,
Bàbá Sífáwù ni mí.
Ohun tó kọ nìyẹn.

A ti dé àárín ọ̀sà kí Àwáwù tó kà á fún mi:
“A gba owó yìí lọ́wọ́ Bàbá Sífáwù.”
Ó ká a, ó tún tú u, ó ní,
“Bàbá, ibo ni Sífáwù kàwé dé?”
Mo mú igbá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi.
Ọkọ̀ náà kò jò.

Mo fi rìsíìtì náà rán Ṣèkónì sí ọ.
Ó ku ọdún márùn-ún, ọkọ̀ márùn-ún.
Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ti wọ́n. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́
n kì í rí orí ìṣó mọ́, àtàǹpàkò ni mo ń lù.
N kò bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan.
Mo kàn ń sọ fún ọ ni
pé orúkọ rẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀.